Ọmọ Òkété Ti Rìnrìn Àjò

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bí àwọn baba wa ṣe ṣètò ọjọ́ ogbó tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọ òkété kan ṣì ń wáṣẹ́ kiri, èkejì ti wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, owó ilé tó ń san níbẹ̀ kò sì jẹ́ kó rí nǹkan fi ránṣẹ́ bó ṣe wù ú. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí òṣìṣẹ́ méjì bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn ni.

Ohun tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni pé kí ìjọba dá wa padà sí ètò pẹ́ńṣàn àtijọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì dúró nínú òjò níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá, wọ́n ní àwọn fẹ́ jáde nínú ètò tuntun bí wọ́n ṣe yọ àwọn ṣọ́jà ní 2011. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó fi ọdún 35 sin ìlú kò yẹ kó máa tọrọ owó oògùn.

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Mo rántí ètò àtijọ́. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n ní láílọ́ọ̀nù dúdú kan tí wọ́n máa ń gbé há abíyá: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, gbogbo rẹ̀ ti gbó létí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti máa ń jáde lọ fi ara hàn pé àwọn ò tíì kú. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé kan ní òun ò rí fáìlì wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tú láílọ́ọ̀nù náà, wọ́n ń to ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ ká padà sí?

Òfin ọdún 2004 tó gbé ètò tuntun kalẹ̀, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 owó rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Òfin yìí dáa lójú mi. Àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń yọ owó tí wọn kì í fi ránṣẹ́ ló ń bà á jẹ́, àti ìjọba tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó ọdún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Gbèsè pẹ́ńṣàn pọ̀ débi pé ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i láti yá bílíọ̀nù 758 náírà kí wọ́n fi san án. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti máa pariwo: kí wọ́n san gbèsè, kí wọ́n sì fi òfin mú agbanisíṣẹ́ tó bá jẹ owó òṣìṣẹ́.

Ní tiwa, ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ẹ wò ó bóyá 8 wọlé, ẹ tún wò ó bóyá 10 wọlé, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n yọ owó, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí kò bá pé, ẹ má dá lọ bá ọ̀gá; ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò pẹ́ńṣàn. Kí orúkọ inú àkáǹtì bá ti ìwé ìgbanisíṣẹ́ mu pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyá ọlọ́jà àti mẹkáníìkì náà. Láti 2019 ni àyè ti wà fún ẹni tí kò ní ọ̀gá láti máa dá owó pẹ́ńṣàn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó ń dá àjọ. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ béèrè kí oṣù yìí tó parí.