BÍ A TI Í MỌ̀ BÍ OÚNJẸ BÁ TI DI BÁRAKÚ

Ní ilẹ̀ wa, láti Ìkọ̀lé dé Ìdó, ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu níwájú oúnjẹ, wọ̀bìà li à ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti oko dé tí ó sì bu iyán lẹ́ẹ̀mejì, ebi li ó ń pa á. Báwo li a ó ti ṣe mọ ìyàtọ̀?

Li ọdún 2009, Ashley Gearhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe ìwé oníbéèrè 25 lórí ọ̀ràn yìí. Li ọdún 2016 a tún un ṣe, ó sì di ìbéèrè 35. Oṣù 12 tí ó kọjá li ó ń wádìí, kì í ṣe ọjọ́ àsè kan. Kì í sì í ṣe sísanra li ó fi ń wọn ènìyàn.

Àmì 11 li ó ń wá. Díẹ̀ nínú wọn nìyí:

Èkíní, ǹjẹ́ ó ń jẹ ju bí ó ti pinnu lọ?
Èkejì, ǹjẹ́ ó ti gbìyànjú títí láti dín in kù, tí kò ṣe é ṣe?
Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó ń jẹ ẹ́ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń pa òun lára?
Ẹ̀kẹrin, bí kò bá rí i jẹ, ǹjẹ́ ara rẹ̀ kì í balẹ̀?

Bí àmì bá pé 2, tí ọ̀ràn náà sì ń bà á nínú jẹ́ tàbí tí ó ń dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, a kà á sí bárakú. Àmì 2 tàbí 3 fúyẹ́. 4 tàbí 5 wà láàárín. 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ le.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ìwé àrùn ọpọlọ tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tẹ̀ li ọdún 2013 kò ka bárakú oúnjẹ mọ́ àwọn àrùn, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn lé e lórí. Àtọ̀gbẹ pẹ̀lú a máa mú kí ebi pa ènìyàn láìdábọ̀, pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí àmì wọ̀nyí bá hàn lára rẹ̀, kí ó tọ dókítà lọ, bí irú àwọn tí ó wà ní Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìwé àgbà li èyí; ti ọmọdé wà lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe fi í sọ ọmọ kan li orúkọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ bi í bí ó bá jẹun kí ó tó kúrò nílé. Ẹni tí ojú bá tì yóò máa jẹun ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tí ó sì ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀ ṣòro láti ràn lọ́wọ́.