KÓKÓ ABÍYÁ LÁRA ABOYÚN

Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, kì í pẹ́ tí kókó kan yóò fi yọ ní ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìyá tí kò mọ èyí. Kókó náà kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kéré bí hóró ẹ̀wà, ó sì ń sẹ́ omi ara bí asẹ́ ti í sẹ́ ògì. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un ni ó ń wú. Irú rẹ̀ wà ní ọrùn àti ní abíyá pẹ̀lú.

Ti abíyá ni ó ń gba omi ara tí ó ń ti inú ọmú wá. Nítorí náà, bí jẹjẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọmú, abíyá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ràn dé. Nígbà mìíràn, ọwọ́ a ti ba kókó abíyá kí a tó rí ohunkóhun nínú ọmú.

Ẹ má ṣe jáyà o. Púpọ̀ nínú kókó abíyá kì í ṣe jẹjẹrẹ. Eéwo lè fà á, egbò ọwọ́ lè fà á. Lára àwọn obìnrin mìíràn, ẹran ọmú díẹ̀ wà ní abíyá láti ìgbà tí a ti bí wọn, oyún ni ó ń mú un wú. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí: gbogbo ilé yóò sọ pé omi ọmú ló kó síbẹ̀, aboyún yóò sì dúró títí yóò fi bímọ, títí yóò fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ.

Kókó tí eéwo fà sábà máa ń dunni, a sì máa lọ. Èyí tí ó le, tí kò dunni, tí kò yẹ̀ bí a bá fi ìka tì í, tí ó sì ń tóbi, ni kí a fura sí. Ṣùgbọ́n ìka kò lè ṣe ìdájọ́. Dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Èyí kò pa oyún lára.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, bí ẹ bá ń yẹ ọmú wò, ẹ má fi abíyá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aboyún gbé apá rẹ̀ lé ọwọ́ yín, kí ibẹ̀ lè dẹ̀. Kókó tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má gbà kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Àwọn ìyá a máa bèèrè bóyá a ó ní kí wọ́n ṣẹ́ oyún bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò pọn dandan. A lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún, oògùn jẹjẹrẹ kan sì wà tí a lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3 àkọ́kọ́.