Kànìnkànìn Inú Sẹ́ẹ̀lì: Ọgbọ́n Tuntun sí Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé-Ọmọ

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, àti ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń fi dán an wò nínú yàrá ìwádìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ẹni tí ó bá mọ bí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́, ẹlẹ́tàn kò lè tètè mú un.

Ohun tí ó ń fa àrùn náà

Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Fáírọ́ọ̀sì HPV, tí ènìyàn máa ń kó nípa ìbálòpọ̀, ni ó ń fa á fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo. Irú 16 àti irú 18 nìkan ni ó ń fa nǹkan bí 70 nínú 100. Harald zur Hausen, ará Jámánì, ni ó fi èyí hàn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008.

Ońṣẹ́ àti apanilẹ́numọ́

Nínú sẹ́ẹ̀lì, DNA dà bí ìwé àṣẹ tí kì í jáde nílé. Ẹ̀dà rẹ̀, èyíinì RNA ońṣẹ́, ni ó ń jáde lọ sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe. RNA kékeré kan tún wà tí à ń pè ní microRNA, tí lẹ́tà rẹ̀ tó nǹkan bí 22. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dì mọ́ ońṣẹ́, kí ó sì pa á lẹ́nu mọ́. Lára aràn tín-ín-rín kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1993. Nítorí rẹ̀ ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun ti Amẹ́ríkà fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024.

Nínú ara líle, ìpanilẹ́numọ́ yìí dára. Ṣùgbọ́n nínú jẹjẹrẹ yìí, èyí tí à ń pè ní miR-21 máa ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ń pa ońṣẹ́ PDCD4 lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ PDCD4 wà lára àwọn tí ń dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́kun kí ó má baà máa pọ̀ sí i láìníjàánu.

Bí a ti ń ṣe kànìnkànìn náà

Ní 2007, Margaret Ebert, Joel Neilson àti Phillip Sharp ní Massachusetts gbé ọgbọ́n yìí jáde: kí a ṣe RNA tí yóò fa microRNA mọ́ra bí kànìnkànìn ti ń fa omi, kí ońṣẹ́ lè rí àyè sọ̀rọ̀.

1. A ó kọ lẹ́tà tí ó bá a mu. A ni ó ń kọjú sí U, G ni ó ń kọjú sí C. Lẹ́tà 2 dé 8 ni microRNA fi ń mú nǹkan jù. Ti miR-21 ni AGCUUAU. UCGAAUA ni a ó kọ dojú kọ ọ́.

2. A ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àárín, ní lẹ́tà 9 dé 12, má bára mu. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, èròjà Argonaute tí ó máa ń bá microRNA rìn yóò gé kànìnkànìn náà sí méjì.

3. A ó tún ojú ìmúni náà kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàrin wọn, kí ẹyọ kan lè mú púpọ̀.

4. A ó ṣe èkejì tí a da lẹ́tà rẹ̀ rú. Bí èkíní bá ṣiṣẹ́ tí èyí kò ṣe nǹkan kan, a mọ̀ pé òtítọ́ ni.

Sẹ́ẹ̀lì HeLa ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ara Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí àrùn yìí pa, ni wọ́n ti mú un ní 1951, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì yìí, nígbà tí wọ́n dí miR-21 lọ́nà, PDCD4 pọ̀ sí i, ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì sì falẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú àwo kì í ṣe inú ara. Bí kànìnkànìn yóò ti dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ó bàjẹ́ láìda iṣẹ́ èyí tí ó dára rú, ìṣòro ńlá nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá pé oògùn RNA fún jẹjẹrẹ ilé-ọmọ nìyí, ẹ má rà á.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 dé 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹnu ilé-ọmọ yín wò. Fífi omi kíkan pa á láti wo ibi tí yóò funfun kò gba àkókò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàrin nǹkan oṣù méjì, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ẹ má dúró de ìrora. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àrùn yìí kì í sábà dunni. Obìnrin tí ó pẹ́ kí ó tó wá ni ó ń ba àwa nọ́ọ̀sì lọ́kàn jẹ́ jù, nítorí èyí tí a bá tètè rí ṣeé wò sàn.