Ìka mi kì í ká láàárọ̀

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 44. Ó ti pẹ́ tí psoriasis ti wà ní igunpá mi, tó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ní èṣí, ìka ọwọ́ mi méjì wú láti ìdí dé orí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, gìgísẹ̀ sì ń ro mí. Wọ́n ní psoriatic arthritis ni, wọ́n fún mi ní methotrexate. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ 3, ìrora ò lọ, mo bá pa á tì. Ibuprofen àti diclofenac ni mo ń lò pọ̀ báyìí, pẹ̀lú àgbo. Bí mo bá jí, ìka mi kì í ká títí di aago mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Ayé kọ́ ló ń ṣe yín, ẹ ò sì lè kó àìsàn yìí ran oníbàárà kankan. Àwọn ọmọ ogun ara yín, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ló ṣìnà tí wọ́n kọjú ìjà sí awọ àti oríkèé yín. Ẹ wo èékánná yín: bí ẹ bá rí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́, ìjà kan náà ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ibuprofen àti diclofenac tẹ́ ẹ pa pọ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ewu lẹ kàn ń fi kún ewu: egbò inú, kíndìnrín tó ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, lẹ́yìn oúnjẹ, ní ìwọ̀n tí dókítà bá fọwọ́ sí. Ẹ fi àgbo náà sílẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ yín.

Methotrexate kì í ṣe oògùn ara ríro. Ìjà yẹn gan-an ló ń pa, díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ara tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ò mú sùúrù fún un tó. Ẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra yín o, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín. Bó bá ní kẹ́ ẹ máa lò ó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Kò bá ọtí rìn, kò sì bá oyún rìn rárá.

Bí oníkẹ́míìsì bá fẹ́ fún yín ní prednisolone tàbí dexamethasone, ẹ kọ̀ ọ́. Ara á fúyẹ́ kíá, àmọ́ bí ẹ bá dá a dúró, psoriasis lè bo gbogbo ara. Bí ibà bá sì dé, ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yín pé ẹ ní psoriasis, torí chloroquine lè mú un le sí i.

Láàárọ̀, ẹ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa ká ìka, kẹ́ ẹ máa nà án nínú omi náà. Ẹ fi bọ́tìnnì àti aṣọ tí ẹ ó fi ọwọ́ rán sí ọ̀sán. Ẹ wé aṣọ mọ́ ọwọ́ sísọ́ọ̀sì kó nípọn, kí ìka má baà fún un jù. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ símẹ́ńtì. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀.

Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ojú yín bá pọ́n tó sì ń ro yín, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.