Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta tí Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Kò Gbọdọ̀ Bẹ̀rù Láti Sọ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ ní yunifásítì, ó sì kan ẹ̀yin olùkọ́ ní pàtàkì, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ọmọ ti ń gba ìmọ̀ràn nígbà tí ó bá tó àkókò fún wọn láti lọ kọ́ṣẹ́.

Kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ wa pé kí ọmọ lọ jókòó ti ọ̀gá. Alágbẹ̀dẹ, aránṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà, gbogbo wọn ni ó ti ṣe ọmọ iṣẹ́ rí. Ọmọ iṣẹ́ a gbá ilẹ̀ ìsọ̀, a fín ewìrì, a sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí di ọjọ́ tí a ó fún un ní òmìnira. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn báńkì ńlá ní irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni, láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ, nígbà tí yunifásítì bá wà ní ìsinmi gígùn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wa ṣùgbọ́n tí a bí i sí London, lọ ṣe irú ìkọ́ṣẹ́ yìí láìpẹ́. Bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì; òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Nígbà tí ó wá kí ìyá rẹ̀ àgbà, a bá a jókòó fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbà wá láyè láti kọ ohun tí ó sọ, bí a kò bá ti dárúkọ òun tàbí báńkì náà. Nínú ìtàn rẹ̀ ni a ti rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a fẹ́ kọ́ yín.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE NÍBẸ̀

Ó tó nǹkan bí ọdún kan ṣáájú kí ó tó wọlé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìwáṣẹ́. Báńkì mẹ́rìnlá ni ó kọ̀wé sí. Ó ṣe ìdánwò ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà. Ó jókòó níwájú kámẹ́rà, ó sì ń dáhùn ìbéèrè láìrí ojú ẹni tí ó bi í. Ní ìkẹyìn, báńkì kan ṣoṣo ni ó gbà á.

Kí olùkàwé wa má ṣe rò pé owó ni ó ń kà lẹ́yìn káńtà. Ní apá tí a fi í sí nínú báńkì náà, iṣẹ́ wọn ni láti ran àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́, nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ ra èkejì, tàbí tí ó bá fẹ́ ta ìpín ara rẹ̀ ní ọjà, tàbí tí ó bá fẹ́ yá owó tí ẹnì kan kò lè dá yá a. Kí ìpàdé tó wáyé, a ó ti ṣe ìwé kan tí ó kún fún ìṣirò, tí ó ń fi hàn bí ilé iṣẹ́ náà ti rí àti iye tí ó yẹ kí a rà á. Ọ̀gá àgbà ni ó ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe ìwé.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ òru ti wá. Ní ọ̀sán, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń yẹ ìwé wò, tí ó ń fi yíǹkì pupa sàmì sí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, a sì ní láti tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí oòrùn ọ̀gá bá wọ̀, nígbà náà ni oòrùn ọmọ iṣẹ́ ń là.

Kí a tún mọ èyí: ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, báńkì yóò sọ ẹni tí yóò padà wá gba iṣẹ́ nígbà tí ó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti ẹni tí kò ní padà. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni ọjọ́ ìdánwò. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó rọrùn láti sọ ní ilé fi ń há àwọn ọmọ wa lọ́fun níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ KÌÍNÍ: "ÈMI KÒ MỌ̀"

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnì kan nínú àwọn tí ó jù ú lọ rán an níṣẹ́. Nínú gbólóhùn mẹ́wàá tí ó sọ, mẹ́rin ni kò yé e, ṣùgbọ́n ó mi orí bí ẹni tí ó gbọ́. Ọjọ́ méjì ni ó fi jókòó ti kọ̀ǹpútà láìmọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé. Nígbà tí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tí ó bi òṣìṣẹ́ kan tí ó ti lo ọdún méjì níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi yé e. Ẹni náà sì wí fún un pé òun pẹ̀lú ti mi orí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. A kò gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nítorí pé ó ti mọ iṣẹ́. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, kí ni ó wá kọ́? Ìtìjú ìṣẹ́jú mẹ́wàá sàn ju òfò ọjọ́ méjì lọ.

Ọ̀RỌ̀ KEJÌ: "MO ṢE ÀṢÌṢE"

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a ní kí ó to ilé iṣẹ́ mẹ́jọ tí ń ṣe òwò kan náà sínú tábìlì ìṣirò, kí ó sì fi iye wọn wé ara wọn. Ó ti di òru kẹta tí kò sùn tó wákàtí mẹ́rin. Ní aago méjì òru, ó parí rẹ̀; a tẹ ìwé náà, a sì tò ó sílẹ̀ de ìpàdé òwúrọ̀. Báńkì a máa san owó takisí fún ẹni tí ó bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Inú takisí ni ó wà, wọ́n sì ń kọjá lórí odò Thames, nígbà tí ó rántí lójijì pé dọ́là ni òun fi kọ owó ilé iṣẹ́ méje, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni òun fi kọ ti ìkẹjọ. Gbogbo ìfiwéra náà ti wọ́, ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò sì rí i.

Ó wí fún wa pé, "Bàbá mi, mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo sì rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ó tẹ ọ̀gá rẹ̀ láago. Ọkùnrin náà kò bú u, kò sì yìn ín, ohun tí ó sọ kò ju pé, "Máa padà bọ̀." Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un tẹ̀, ó di aago mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó lọ sùn.

Ẹ̀yin ará, iye tí a kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń pinnu láti ra ilé iṣẹ́ tàbí láti tà á, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó sì ń jẹun lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan. Àṣìṣe tí a tètè jẹ́wọ́ jẹ́ iṣẹ́ òru kan; èyí tí a bò mọ́lẹ̀ a máa dàgbà.

Ọ̀RỌ̀ KẸTA: "Ó RẸ̀ MÍ"

Èyí ni ó le jù, òun ni ọmọ wa kò sì lè sọ. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta tẹ̀léra ni kò fi ojú kan ilé ìjọsìn, nítorí iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó sùn lọ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báńkì, ó sì fi orí ti ògiri. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí ojú rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó wí pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ni a rán ọ, a kò rán ọ ní ikú."

Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ìyá náà ní ìdí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ọmọ ọdún 21, tí ń kọ́ṣẹ́ ní báńkì ńlá kan ní London, kú ní ilé tí ó wọ̀ sí nígbà tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé wárápá ni ó pa á. Ẹni tí ó ṣe ìwádìí náà wí pé ó lè jẹ́ pé àárẹ̀ ni ó fà á, ṣùgbọ́n a kò lè mọ̀ dájú. Kò yẹ kí àwa náà sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ikú náà mú kí àwọn báńkì yẹ ara wọn wò. Ní ọdún 2015, Goldman Sachs pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ má ṣe sí ní ọ́fíìsì láàárín aago méjìlá òru àti aago méje òwúrọ̀. Àṣẹ náà kò mú ìṣòro kúrò fún àwọn tí a ti gbà síṣẹ́: ní ọdún 2021, òṣìṣẹ́ ọdún kìíní 13 ní báńkì kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 90 lọ lọ́sẹ̀, àwọn sì ń sùn fún wákàtí 5 lóru. Ní ọdún 2024, JPMorgan fi ààlà wákàtí 80 lọ́sẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kékeré ní apá yìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀. Yọ 90 kúrò fún iṣẹ́, ó ku 78. Yọ 35 kúrò fún oorun wákàtí márùn-ún lóru, ó ku 43. Nínú 43 yìí ni ènìyàn yóò ti wẹ̀, tí yóò ti jẹun, tí yóò ti wọkọ̀ lọ tí yóò sì wọkọ̀ bọ̀, tí yóò ti rí ìyá àti bàbá rẹ̀, tí yóò ti gbàdúrà. Ara líle ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó ta ara rẹ̀ láti ra ọrọ̀, kí ni yóò fi gbádùn rẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó rẹ òun, òun kò sì ní lè wá ní ọjọ́ ìsinmi náà. Ọ̀gá náà wò ó, ó ní, "Ó dára," ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́: kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni yóò dáhùn bẹ́ẹ̀, ọmọ náà pẹ̀lú kò sì mọ ohun tí yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹwàá, báńkì ní kí ó padà wá. Ó kọ̀wé dúpẹ́, ó sì béèrè bóyá a lè gbà á sí apá tí ń ra ìpín tí ó sì ń tà á, níbi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí aago méje òwúrọ̀ tó lù, ṣùgbọ́n tí ọjà a máa pa ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Títí di àkókò tí a ń kọ èyí, wọn kò tíì dá a lóhùn.

FÚN ẸNI TÍ Ó WÀ NÍ ILÉ

Ní orílẹ̀-èdè wa, láti ọdún 1973 ni a ti dá ètò SIWES sílẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde. Àwọn kan nínú wọn lọ sí báńkì. Ewu ti ilé a máa yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kò fún ọmọ ní iṣẹ́ kankan ju pé kí ó ra oúnjẹ wá, kí ó sì ṣe ẹ̀dà ìwé, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ a kún fún iṣẹ́ tí kò ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ kìíní jù lọ: "Èmi kò mọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi."

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a nà nítorí pé ó béèrè, tàbí tí a fi ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ó jẹ́wọ́ àṣìṣe, kò ní lè la ẹnu rẹ̀ níwájú ọ̀gá ní ilẹ̀ òkèèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú kí iṣẹ́ òru pọ̀ fún àwọn ọmọ abẹ́ nínú báńkì tí a sọ nípa rẹ̀?
2. Bí ọmọ náà bá ti dákẹ́ nínú takisí, ta ni ìpalára ìbá kàn?
3. Lọ́wọ́ ta ni ó yẹ kí ààlà iṣẹ́ wà: ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ọ̀gá, tàbí àwọn méjèèjì? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
4. Nínú kíláàsì yín, èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn ọmọ ń bẹ̀rù jù láti sọ?