Owó Ibojì àti Òfin Ilẹ̀ Ìsìnkú



Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó tètè ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ìjọ ìgbèríko tó ọ̀rọ̀ owó ibojì. Òkú wà nílẹ̀, ojú àwọn ọmọ ti pọ́n fún ẹkún, ẹnì kan sì wá sọ fún wọn pé kí a tó gbẹ́ ilẹ̀, iye báyìí ni wọn yóò san, ìwé báyìí ni wọn yóò fi ọwọ́ sí, ìwọ̀n báyìí ni ibojì kò sì gbọdọ̀ kọjá. Inú a bí wọn. Wọn a ní: “Ìjọ ha ń ta ilẹ̀ fún òkú bí? Baba wa tí ó gbé òkúta, tí ó pọn omi, nígbà tí a ń kọ́ ilé Ọlọ́run yìí, òun náà ni a ó ha gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìgbọ́n. Ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ nígbà tí òkú kò sí nílẹ̀, tí ọkàn olúkúlùkù balẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mú un wá sí iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ilẹ̀ ìsìnkú àkọ́kọ́ tí Ìwé Mímọ́ ròyìn bí a ti rà á wà nínú orí 23 Ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Sárà kú ní ẹni ọdún 127 ní Hébúrónì, ní ilẹ̀ Kénáánì. Àlejò ni Ábúráhámù ní ilẹ̀ náà; ó ní màlúù, ó ní àgùntàn, ó ní ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò sin aya rẹ̀ sí. Ó dìde kúrò níwájú òkú rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ Hétì. Àwọn náà dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, wọ́n ní kí ó yan èyí tí ó bá wù ú nínú àwọn ibojì àwọn. Ábúráhámù tẹríba, ó sì sọ ibi kan pàtó: ihò Mákípélà tí ó wà ní ìpẹ̀kun oko Éfúrónì. Éfúrónì wí pé òun fi oko àti ihò náà tọrẹ. Ábúráhámù tún tẹríba, ó kọ̀, ó ní iye tí ó tó gan-an ni òun yóò san. Nígbà náà ni Éfúrónì wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò ka nǹkan sí, pé ilẹ̀ irínwó ṣékélì fàdákà ni, kí ni ìyẹn jẹ́ láàárín ọ̀rẹ́ méjì? Ẹni tí ó bá ti bá onílẹ̀ dúnàádúrà rí yóò mọ irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iye náà kò kéré. Bí àwọn òkúta ìwọ̀n tí a hú nínú ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ti ìgbà àwọn ọba, ti fi hàn, ṣékélì kan wọ̀n tó gíráàmù 11 àti díẹ̀. Irínwó ṣékélì yóò wá ju kílò mẹ́rin fàdákà lọ. Dáfídì Ọba san 50 ṣékélì fún ilẹ̀ ìpakà àti àwọn màlúù tí ó fi rúbọ. Wòlíì Jeremáyà san 17 fún oko kan ní Ánátótì. Síbẹ̀ Ábúráhámù kò yọwó rárá. Ó wọn fàdákà náà níṣojú gbogbo àwọn tí ó ń wọ ẹnubodè ìlú, Ìwé Mímọ́ sì ka ohun tí ó rà lọ́kọ̀ọ̀kan: oko, ihò inú rẹ̀, àti gbogbo igi tí ó wà ní ààlà rẹ̀ yíká.

Èéṣe tí ó fi kọ ọ̀fẹ́? Nítorí pé ibi tí a fi ojú rere fúnni, ojú rere ni ó rọ̀ mọ́. Bí Éfúrónì bá kú, ọmọ rẹ̀ lè má mọ Sárà. Ṣùgbọ́n ohun tí a san owó rẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, tí a sì mọ ààlà rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wá kó egungun jáde níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a sin Ábúráhámù fúnra rẹ̀ sí, àti Ísáákì, àti Rèbékà, àti Léà. Nígbà tí Jákọ́bù ń kú lọ ní Íjíbítì ní ẹni ọdún 147, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n gbé òkú òun padà síbẹ̀. Lórí ibùsùn ikú ni ó ti tún gbogbo ọ̀rọ̀ rírà ilẹ̀ náà sọ, orúkọ ẹni tí ó tà á, orúkọ ẹni tí ó rà á, àti àwọn tí a ti sin síbẹ̀, bí ẹni tí ń ka ìwé ẹ̀rí owó sí etí wọn. A kò gbọdọ̀ rò pé ẹni mímọ́ kì í bìkítà fún ìwé àti ààlà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín tirẹ̀ àti tiwa, nítorí níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ábúráhámù ra ilẹ̀ nítorí pé kò tí ì sí ìjọ onígbàgbọ́ tí ó ní ilẹ̀ ìsìnkú fún un. Àwa ní. Òfin Ìjọ tí Pápá Mímọ́ Jòhánù Póòlù Kejì fi lélẹ̀ ní ọdún 1983 wí pé níbikíbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí Ìjọ ní ilẹ̀ ìsìnkú tirẹ̀, tàbí ó kéré tán kí ó ní apá kan nínú ti ìlú, kí a sì bùkún un gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ilẹ̀ tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run báyìí kì í ṣe ohun tí a ń gé tà. Nítorí náà, ẹni tí ó san owó ibojì kò ra ilẹ̀. Ààyè ìsinmi ni ó gbà fún òkú rẹ̀, àti ìtọ́jú ààyè náà. Ẹni tí ó bá ń wí pé “mo ti ra tèmi síbẹ̀”, tí ó sì fẹ́ fi odi yí ibi tí ó lè gba ibojì mẹ́fà ká, tàbí tí ó fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò mọ ohun tí ó san owó lé lórí. Àwọn ẹbí kan a máa fẹ́ sin tiwọn pa pọ̀ sí ojú kan. Èyí kò burú. Òfin àtijọ́ ti ọdún 1917 pàápàá gbà á láàyè, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù tàbí ti ẹni tí ó bá yàn.

Kí wá ni owó náà ń ṣe? Ẹ lọ wo ilẹ̀ ìsìnkú tí a kò ro láti ìgbà òjò kan dé èkejì. Igbó a bò ó, ẹni tí ó wá kí ìyá rẹ̀ a máa fi àdá lànà, ewúrẹ́ a sì máa sùn lórí òkúta tí a kọ orúkọ ènìyàn sí. Òfin ọdún 1917 pàṣẹ pé kí gbogbo ilẹ̀ ìsìnkú ní ọgbà yíká, kí a sì máa ṣọ́ ọ. Ọgbà a máa wó, ilẹ̀kùn a máa dípẹtà, ẹni tí ń ro oko a sì máa jẹun. Owó ọjọ́ kan ni ẹbí ń san. Iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lópin.

Ìdí kejì wúwo ju ti ọgbà lọ. Òfin 1917 sọ ọ́ láìfi bò pé kí a sin tálákà lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá, kí a sì sin ín bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. Ti 1983 tún kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ojúsàájú nínú ìsìnkú, àti pé a kò gbọdọ̀ fi ìsìnkú tí ó yẹ du tálákà. Olúwa wa pàápàá kò ní ibojì tirẹ̀: nínú ibojì tuntun tí Jósẹ́fù ará Arimatíà gbẹ́ fún ara rẹ̀ ni a tẹ́ ẹ sí. Bí àgbàlagbà kan bá kú láàárín wa tí kò ní ọmọ, tí kò ní owó, ó gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀, pósí, àdúrà àti omi mímọ́ gbà bí ẹni tí ó ní ilé alájà mẹ́ta. Láti ibo ni yóò ti wá? Láti inú owó tí ẹlòmíràn san. Kí opó tí kò ní kò lọ máa jẹ gbèsè nítorí ìtìjú. Kí ó wá bá Fádà sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Kí ẹni tí ó sì ní má ṣe wá du ẹ̀tọ́ opó.

Àwọn ará Faransé, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fádà SMA tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó àti Abẹ́òkúta láyé àtijọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ti fi ohun yìí sínú òfin ìlú wọn. Ní Paríìsì, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, a ń to òkú jọ nínú kòtò ńlá ní ilẹ̀ ìsìnkú tí a ń pè ní ti Àwọn Aláìlẹ́ṣẹ̀ Mímọ́, títí tí ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé kan tí ó wà nítòsí rẹ̀ fi ya lulẹ̀ ní ọdún 1780 nítorí ìwúwo wọn. A sì ti ilẹ̀ náà pa. Ní oṣù kẹfà ọdún 1804, lábẹ́ Napoleon, òfin tuntun jáde: òkú kọ̀ọ̀kan nínú ibojì tirẹ̀, jíjìn rẹ̀ láti mítà kan àtààbọ̀ dé méjì, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 80, àlàfo 30 sí 40 láàárín ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan àti èkejì, kí a má sì ṣe ṣí ibojì fún òkú mìíràn kí ọdún márùn-ún tó pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ààyè ọ̀tọ̀ fún ara rẹ̀ ní láti ṣe ìtọrẹ fún àwọn tálákà àti ilé ìwòsàn, yàtọ̀ sí owó tí yóò san fún ìlú. Bí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ bá kọ̀ láti gbẹ́ ẹ fẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, tàbí tí ó ní kò tí ì jìn tó, ẹ má ṣe bú u. Òkú tí a kò sin jìn tó lè mú ewu bá àwọn alààyè.

Ní ti ọ̀ṣọ́, òfin 1917 wí pé ohun tí a bá kọ tàbí tí a bá fi ṣe ibojì lọ́ṣọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ lòdì sí ìgbàgbọ́ àti ìwà-bí-Ọlọ́run. Àgbélébùú, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú tó. Lójú tiwa, ilé kékeré onítáìlì tí a fi irin yí ká kò fi kún ìsinmi ẹnikẹ́ni, ó sì ń jẹ ààyè ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má sì ṣe béèrè pé kí a sin olówó tí ó kọ́ ilé Ọlọ́run sínú rẹ̀: Pápá, Kádínà, àti Bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ tirẹ̀ nìkan ni òfin gbà láàyè.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Kí ló dé tí a kò fi sin baba sínú ilé rẹ̀, bí àwọn baba wa ti ń ṣe?” Olúkúlùkù ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí a ó sin òun sí, àyàfi bí òfin bá dí i lọ́wọ́; níbi tí kò bá sì sí ilẹ̀ tí a ti bùkún, a máa ń bùkún ibojì kọ̀ọ̀kan nígbà ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká lọ sí Èkó àti òkè òkun. Ilé a di ti àjọni. Ọjọ́ kan a sì dé tí wọn yóò tà á. Ẹni tí ó rà á kò mọ baba náà rí. Ojú oórì rẹ̀ á wá di ibi tí a gbé àga lé, tàbí kí a wó o láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Ábúráhámù sá fún gan-an nìyẹn. Ẹbí kan náà tí ó pa màlúù méjì, tí ó ra aṣọ ẹbí, tí ó fi òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù mẹ́ta kí owó ayẹyẹ lè pé, ni yóò wí pé owó ibojì ti pọ̀ jù.

Ó ku ohun kan tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Lẹ́yìn ìsìnkú, òfin Ìjọ ní kí a kọ orúkọ òkú sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn òkú. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkẹjọ oṣù kọkànlá, ẹni tí ó bá ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ó gba Ara Olúwa, tí ó gbàdúrà fún èrò ọkàn Pápá Mímọ́, tí ó sì lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú lọ gbàdúrà fún àwọn òkú, lè gba ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ní kíkún fún ọkàn kan ní Pọ́gátórì ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún ni a ń rí àwọn tí wọ́n dúró láàárín koríko, tí wọn kò mọ èwo nínú àwọn òkìtì náà ni ti ìyá àgbà wọn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ibi tí a sin ará ilé rẹ̀ sí láyé àtijọ́, tí kò sì dá a lójú pé orúkọ náà wà nínú ìwé, kí ó wá rí Kátíkísítì lẹ́yìn Mísà, kí ó mú àgbà kan nínú ẹbí dání, kí wọ́n jọ lọ fi ibẹ̀ hàn án.