Fínígà Dúdú Zhenjiang: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Tọ́ Ọ Wò Nílé Rẹ̀

Bí ẹ bá jókòó sílé oúnjẹ ní Zhenjiang, ẹ ó rí nǹkan dúdú kan nínú ìgò kékeré lórí tábìlì. Ẹ má pè é ní sọ́ọ̀sì sóyà; fínígà ni. Ẹ da díẹ̀ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé e súnmọ́ imú. Òórùn ìrẹsì yíyan ló máa kọ́kọ́ kí yín. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò, kíkan á tẹ̀ lé e, adùn díẹ̀ á sì gbẹ̀yìn lórí ahọ́n. Cù ni àwọn ará Ṣáínà ń pe fínígà. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ń “jẹ fínígà”, owú ló ń jẹ.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Zhenjiang wà ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ní bèbè gúúsù Odò Yangtze. Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ń gbéni débẹ̀ láti Nanjing ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Láti Shanghai, ẹ fọkàn sí bíi wákàtí kan àbọ̀. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, torí òun ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Zhenjiang ló wà láàárín ìlú. Zhenjiang South jìnnà díẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é

Ẹ wọ takisí lọ sí Dantu, níbi tí ilé-ìṣẹ́ Hengshun, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1840, ti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fínígà. Lọ́dún 2006, ìjọba Ṣáínà ka iṣẹ́ ọwọ́ yìí mọ́ àwọn ogún orílẹ̀-èdè wọn.

Ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ di ọtí. Wọ́n á po ọtí náà mọ́ èèpo àlìkámà àti èèpo ìrẹsì títí á fi rí bí iyẹ̀pẹ̀ tútù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí i, ní ìpele-ìpele, kí atẹ́gùn lè ráyè wọ̀ ọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìrẹsì tí wọ́n yan títí tó fi dúdú ni wọ́n fi ń pa á láró. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sè é, wọ́n á dé e pa sínú ìkòkò amọ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹni tó bá ti mu omíkan rí mọ̀ pé ọjọ́ ló ń sọ nǹkan di kíkan; níhìn-ín, ọjọ́ náà ló ń fún un ní òórùn.

Ohun tí ẹ máa jẹ

Láàárọ̀, ẹ béèrè núdù tí wọ́n ń pè ní guōgài miàn. Ẹ dúró wo ìkòkò tí wọ́n fi ń sè é: ọmọrí pákó kékeré kan, tí kò tó ẹnu ìkòkò, ló ń léfòó lórí núdù tó ń hó, ìfófòó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Yáoròu ni èkejì: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù tó dì, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ. Atalẹ̀ tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ àti fínígà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó béèrè kó tó bu ohunkóhun sẹ́nu, torí wọ́n ń lò ó gan-an nínú oúnjẹ ìlú náà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ wá àmì 镇江香醋 lára ìgò. Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀: omi, ìrẹsì, èèpo àlìkámà, iyọ̀ àti ṣúgà ti tó. Ẹni tí àlìkámà kì í bá lára mu, kó yẹra fún un. Ti ìpínlẹ̀ Shanxi yàtọ̀: ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é, èéfín sì máa ń wà nínú òórùn rẹ̀. Bí ẹ bá máa wọ bàálù, inú ẹrù tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún wọn ni kí ìgò náà wà, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé e dáadáa.

Bí ẹ ṣe máa fi se oúnjẹ

Ẹ fi kùkúḿbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ fọ́ méjì, kí ẹ gé e, kí ẹ fi iyọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù. Ẹ wá fi aáyù gígé, ṣíbí fínígà méjì, ṣíbí sọ́ọ̀sì sóyà kan, ṣúgà díẹ̀ àti òróró yànmọ̀tí díẹ̀ pò ó.

Fún egungun ìhà ẹran, nǹkan bí ìdajì kílò, ẹ rántí kíkà yìí: ṣíbí ọtí ìrẹsì 1, sọ́ọ̀sì sóyà 2, ṣúgà 3, fínígà 4, omi 5. Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, kó fi omi rọ́pò rẹ̀. Ẹran àgùntàn náà dára. Ẹ dín ẹran náà díẹ̀, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ lé e lórí, àyàfi ṣíbí fínígà méjì. Ẹ dé e lórí iná kékeré títí á fi rọ̀. Ẹ wá kó iná sí i kí ọbẹ̀ ki, kí ẹ da ṣíbí méjì tó kù sí i, kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá. Iná máa ń gbé òórùn fínígà lọ. Ohun tó fi oṣù mẹ́fà jókòó sínú ìkòkò amọ̀ kó tó ní òórùn, ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún jó o dànù.